Ẹyin Mẹ́ta Nínú Ọ̀kadà Orí Yìnyín

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀: mo kórìíra ọ̀kadà orí yìnyín. Mo kórìíra ariwo rẹ̀, mo kórìíra òórùn epo rẹ̀, mo kórìíra bẹ́líìtì rọ́bà fẹ̀ǹfẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó máa ń kó ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà wọ ilé onílé. Ọmọ wa ọkùnrin ló rà á. Fúláàtì kékeré ló ń gbé ní Capitol Heights, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, kò sì síbi tó lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, ló bá wọ́ ọ wá sí gáréèjì wa ní Mitchellville. Yìnyín tó ń bọ́ lágbègbè wa, ọdún mìíràn wà tí kò ní bo ẹsẹ̀ adìẹ mọ́lẹ̀. Bí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ gùn ún, àfi kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí wọ́n wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko lọ sórí òkè níhà ìwọ̀ oòrùn Maryland, kí wọ́n lọ máa fi imú fa òtútù. Èmi tí mo ti ń sá fún òtútù láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, ọmọ tí mo fi inú mi bí ló ń lé òtútù kiri. Ẹ wo ayé!

Ọkọ mi fẹ́ràn ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀, kì í ṣe nítorí yìnyín. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi ní Ìbàdàn kí a tó wá síbí, kì í sì í ṣe mẹkáníìkì abẹ́ igi lásán, àwọn mẹkáníìkì tó kù máa ń wá bi í ní ìbéèrè. Nígbà tí a dé, kò ní ìwé kankan tó lè nà sí wọn. Ọwọ́ ló fi kọ́ṣẹ́, wọn ò sì kọ ohun tí ọwọ́ mọ̀ sínú ìwé. Ó lọ ń wa bọ́ọ̀sì kékeré fún ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ń gbé wọn bọ̀. Èmi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo yege. Díẹ̀díẹ̀ ni mo di ẹni tí wọ́n ń bi ní gbogbo nǹkan nínú ilé. Bí mọ́tò ọmọ wa bá ṣe ségesège, ọkọ mi á ní, "Ṣí i jẹ́ kí n wò ó." Ọmọ á ní, "Dádì, kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀ o. Kì í ṣe ti Ìbàdàn." Èmi á bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà: mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Inú oṣù Ṣẹẹrẹ ni omi aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí sìmẹ́ǹtì gáréèjì mi. Ẹ̀rọ yẹn kò ní rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Abẹ́ ìjókòó rẹ̀ ni wọ́n to àwọn páìpù pẹlẹbẹ sí, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ìkòkò funfun, omi tí kì í dì ló ń gba inú wọn kọjá. Bí bẹ́líìtì bá ṣe ń yí, á máa ta yìnyín sí wọn lára láti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń tutù. Ọ̀kan nínú àwọn páìpù yìí ti lu. Ọmọ wa dé ní ọjọ́ Jímọ̀, ó rí adágún omi nílẹ̀, ó lu itan. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ gun òkè, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó pè ló sọ pé iṣẹ́ ti kún ọwọ́ àwọn.

Ọkọ mi ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ọmọ wo bàbá rẹ̀, ó wá yíjú sí mi, bí ẹni pé èmi ni adájọ́. Mo mi orí sí i pé kó gbà. Ó ní, "Ó dáa, Dádì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ yẹn máa fi nǹkan oní-ẹ́ńjìnnì lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Bí ó ti ń jáde ni ọkọ mi gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ohùn. Ó pàdé mi nínú kíṣíìnì, ó ní, "Ọjọ́ Sátidé yẹn lọmọ yìí máa mọ ẹni tí bàbá òun jẹ́." Mo ní kó rọra, kó má fi girísì kan ògiri mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni gáréèjì fi di ààtàn. Ó dojú ẹ̀rọ náà dé, ó tú àwọn sípíríǹgì, ó tú bẹ́líìtì, ohun tó sì jáde níbẹ̀, págà! Girísì dúdú tó ti dì bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ewé tó ti jẹrà, àti ìtẹ́ èkúté kan tí irun wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kò sí ohun tó jáde lára ènìyàn tí ojú mi kò tíì rí, gbogbo rẹ̀ rí mi lára. Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè ni ìgbà tí mo rí abọ́ tó fi gbe omi tó ń ro sílẹ̀. Abọ́ tí mo fi ń po àkàrà ni! Mo ní, "Dádì, ṣé orí yín pé báyìí?" Ó ní òun á fọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ jẹ àkàrà nínú ẹ̀ mọ́? Mo gbé abọ́ náà sọ sínú pàǹtí níṣojú rẹ̀.

Ó rí ihò náà. Ìṣó kékeré kan tó yọ lára bẹ́líìtì ló ti gún páìpù ẹ̀yìn. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ibẹ̀ títí ó fi ń dán, ó ji omi tí mo fi ń pa ọ̀dà èékánná mi rẹ́, ó fi nù ún kí ọ̀rá má bàa kù níbẹ̀. Ó po gọ́ọ̀mù irin méjì pọ̀, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi ìka tẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ìyá tó ń fi òróró pa ọmọ lára. Nígbà tí ó gan, ó to gbogbo ẹ̀rọ padà. Ọjọ́ Ajé, ó dí ẹnu páìpù kan, ó fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú èkejì, ó wá ń da omi ọṣẹ sí gbogbo ara rẹ̀ bí fọkanáísà ṣe ń wá ihò lára tíúbù. Kò sí ìfófòó kankan.

Ó pè mí. "Mọ́mì, wá wò ó. Ó ti dí pátá."

Mo ní, "Ó dí kẹ̀. Abọ́ mi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ku omi tí kì í dì, pé èyí tó bá ẹ̀rọ náà mu kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, òun ti ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, Ọjọ́bọ̀ ló máa dé. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà títí dìgbà yẹn. Ó ní wákàtí méjìlá méjìlá láti ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó sì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìsinmi tèmi. Mo ń ká aṣọ ni ọmọ wa pè. "Mọ́mì, ṣé ó ṣì ń jò?" Mo ní kó dúró, mo wọ sálúbàtà, mo lọ sí gáréèjì. Mo rí omi nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da omi sí, mo fi iná fóònù wo inú rẹ̀. Gbígbẹ táútáú. Mo ní yéè, ó ti jò tán! Kò wá sí mi lọ́kàn pé omi ọṣẹ ni mo rí nílẹ̀, pé ọkọ mi kò tíì da nǹkan kan sínú rẹ̀ rárá. Ohun tí mo rò ni pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, pé ọmọ yìí á tún fi rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín yẹn á wọ ọkọ mi lára.

Mo sọ fún ọmọ pé kò jò mọ́, kó fọkàn balẹ̀. Mo pe ọkọ mi, kò gbé e. Kì í gbé fóònù bí àwọn arúgbó bá wà nínú ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi ti kó mi wọ gàù. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi, Ìbàdàn sí Ifẹ̀, lọ àti bọ̀. Bí rédíétọ̀ bá ń jò lójú ọ̀nà, ẹyin tútù ni bàbá mi ń fọ́ sínú rẹ̀. Omi gbígbóná á se ẹyin, ẹyin á lọ dí ihò, ọkọ̀ á délé. Mo ti rí i ní kékeré pẹ̀lú ojú ara mi, èmi ni mo ń bá a gbé ẹyin dání. Bí mo ṣe wọ kíṣíìnì nìyẹn, tí mo mú ẹyin mẹ́ta nínú fíríìjì. Mo fọ́ wọn sínú jọ́ọ̀gì, mo lù wọ́n, mo dà wọ́n sínú ọ̀kadà orí yìnyín, mo wá fi omi ẹ̀rọ tẹ̀ lé e, jọ́ọ̀gì lórí jọ́ọ̀gì, títí ó fi kún. Èmi náà nìyẹn o, èmi tí mo ń bá àwọn aláìsàn jà lójoojúmọ́ pé kí wọ́n yé fi àgbo lé oògùn dókítà lórí.

Mo ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó pariwo, ó yọ èéfín. Mo jẹ́ kó gbóná dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán kan kò ro. Mo pa á, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo pinnu pé n kò ní sọ fún ọkọ mi, kí ojú má bàa tì í pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró. Mo rò pé mo bo àṣírí rẹ̀ ni.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, òórùn kan ti wà nínú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé ẹyin sísè sínú ike rí, ẹ ti mọ apá kan rẹ̀. Ẹ wá fi epo mọ́tò sí i. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn gáréèjì wọ kíṣíìnì, ó bá mi dé ibi tí mo ti ń jẹun, èébì gbé mi. Ṣé mo rántí ẹyin? Rárá o. Ìtẹ́ èkúté yẹn ni mo rántí. Bí ọkọ mi ṣe ti ibi iṣẹ́ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, àìbọ́ bàtà, ni mo ti dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ti kó èkúté wọ ilé mi! Ó ti kú síbì kan níbẹ̀! Ẹ̀gbin wo lẹ tiẹ̀ ń bá kiri?" Ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ń yẹ ẹ̀yìn páálí aṣọ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé wò, ó ń fa imú. Kò rí èkúté. Mo ní inú ẹ̀rọ yẹn ló wà, kó tì í jáde síta, n kò lè sùn pẹ̀lú ẹ̀.

Ó ní, "Òtútù tó ń bọ̀ yìí máa le o."

Mo ní, "Ṣé ènìyàn ni, tí òtútù á fi mú un?"

Ó ní, "Ìwọ náà sọ òótọ́. Kò kúkú sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè dì." Ó tì í jáde.

Gbólóhùn yẹn gbá mi lójú. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀! Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò jò rí, pé omi àti ẹyin tèmi ló wà níbẹ̀. Mo dúró nínú kíṣíìnì, aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ mi, mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ariwo gba gbogbo ilé kan! Mo ní kí n jẹ́ kó jẹun ná. Lẹ́yìn tó jẹun, mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní ó di àárọ̀. Omi kò dúró di àárọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé gálọ́ọ̀nù omi aláwọ̀ ewé rẹ̀ jáde bí ẹni gbé ẹ̀bùn. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ṣí ìdérí, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan nǹkan tó wà níbẹ̀: yìnyín ni, ó dì gbagidi. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán ràn, tí ó ń yọ́, omi ń dà láti abẹ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi. Páìpù yẹn ti ya gba ìdí lọ, ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Òórùn yẹn bú jáde, ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo ti jáde sí i nígbà yẹn. Ọkọ mi fi ìka méjì mú nǹkan funfun kan jáde nínú omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí.

Ó ní, "Ẹyin."

Mo ní, "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ má bínú. Mo rò pé ó ti jò."

Ó ní, "Mo mọ̀." Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ì bá ṣe pé ó bú mi, ara ì bá tù mí.

Ọmọ dé ní àárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú fìlà onírun lórí àti ayọ̀ lójú. A ti dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, èmi àti bàbá rẹ̀. Ó rí i. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ ojú ibi tó ya láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rí ẹyin funfun tó lẹ̀ mọ́ etí ibẹ̀, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Kí rèé? Ta ló da omi lásán sí i?"

Mo ti la ẹnu. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ti la ẹnu. Ọkọ mi yá jù mí lọ. Ó ní, "Èmi ni. Mo gbàgbé pé òtútù ń bọ̀."

"Àti ẹyin?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀bi tèmi ni." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún arúgbó pé kó má dá sọdá títì mọ́. Ó wá yíjú sí mi, "Mọ́mì, ẹ ò ṣe dá wọn dúró? Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ nǹkan."

Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ nǹkan! Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, tí àwọn dókítà gan-an ń ṣọ́ra fún lójú iṣẹ́, mo wo ojú ọmọ mi, mo rí bó ṣe gbé mi sípò, mi ò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ti pààrọ̀ ìdọ̀tí lábẹ́ ènìyàn. Mo ti fi ọwọ́ gbe èébì, mo ti fọ egbò tí ìdin wà nínú rẹ̀. N kò tíì rí ohun tó rí mi lára tó ìbéèrè yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ pè mí láti ṣọ́ọ̀bù tí ó gbé ẹ̀rọ náà lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ń tún un ṣe sọ pé ibi tí Dádì lẹ̀ yẹn kò ṣí rárá, pé òun náà kò lè lẹ̀ ẹ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi yẹn ló bà á jẹ́. Ó ń bi mí pé òmùgọ̀ wo ló da omi sí i." Ó tún ní, "Ẹ má sọ fún Dádì o. Kó má lọ máa dùn wọ́n."

Mo ní, "N kò ní sọ." N kò sì sọ. Ní ọjọ́ yẹn mo rí ọkọ mi tó ń ka ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì nínú yàrá ìgbàlejò, mo gba iwájú rẹ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Oṣù tó kọjá, ọmọ wa wá bá wa jẹun lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ̀ tuntun ló gbé wá. Nígbà tó ń fi ẹ̀yìn wakọ̀ jáde, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ń ha, irin lára irin, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Ọmọ yọ orí lójú fèrèsé. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ ariwo yẹn? Kí lẹ rò pé ó jẹ́?" Èmi ló bi. Ọkọ mi, tó dúró tì mí, ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó dá a padà. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, ó ní, "Gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi. Àwọn ló mọ̀ ọ́n."

Mo juwọ́ sí ọmọ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.